Sùdókù Pẹ̀lú Ìyá Ìyàwó Mi

Ọ̀sẹ̀ tí mo ti ọsibítù dé ni lífìtì ilé wa ní Peckham kú. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Orúnkún mi ọ̀tún ti ń dùn mí tipẹ́, nígbà tó sì di pé mi ò lè tẹ búréèkì láì pa eyín keke, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé mi wálé fi àga gbé mi gun àtẹ̀gùn dé àjà keje, wọ́n ń mí hẹlẹ, wọ́n gbé mi kalẹ̀ nínú pálọ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Kánsù tó ni ilé náà ní àwọn ti béèrè fún ohun èlò tó bàjẹ́ nínú lífìtì náà, pé kí a ní sùúrù. A ní sùúrù títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èébú sára ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Àwa méjì ni a há sókè níbẹ̀, èmi àti ìyá ìyàwó mi. Lẹ́yìn tí bàbá ìyàwó mi kú ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyàwó mi mú Màmá wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá ṣubú nínú ilé nígbà tí Màmá lọ sọ́jà. Kí wọ́n tó padà dé, ọlọ́jọ́ ti dé. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni ìyàwó mi wà nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó búra pé ìyá òun kò ní dá gbé.

Kí lífìtì tó kú, Màmá máa ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á rin Rye Lane, títì ọjà àdúgbò wa, wọ́n á máa yẹ ata wò láìrà, wọ́n á lọ kírun Jímọ́ọ̀, wọ́n á sì bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn jókòó díẹ̀ níbẹ̀. Àtẹ̀gùn àjà méje kì í ṣe ohun tí ẹsẹ̀ wọn lè máa gùn lójoojúmọ́.

Láàárọ̀, ìyàwó mi á jáde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, á fi èmi àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú pálọ̀ kan ṣoṣo. Ìnira gbáà ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, Màmá kì í pè mí ní "ìwọ". "Ẹ" ni wọ́n ń lò fún mi, bí ẹni pé èmi ni mo dàgbà jù. Èmi náà kò lè bọ́ ẹ̀wù níwájú wọn, mi ò lè na ẹsẹ̀ mi bó ṣe wù mí, mi ò sì lè kérora. Tí a bá ti kí ara wa tán, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọ́n á kọjú sí fèrèsé, èmi á kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Àní tí mo bá fẹ́ lọ sí ilé ìtọ̀, ojú á máa tì mí, nítorí wọ́n á máa gbọ́ ọ̀pá mi bó ṣe ń kan ilẹ̀ dé ibẹ̀.

Ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ tí ìyàwó mi máa ń mú bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ló gbà mí díẹ̀. Sùdókù wà lẹ́yìn rẹ̀: yàrá kéékèèké mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òòró, tí wọ́n tún fi ìlà dúdú pín sí àpótí ńlá mẹ́sàn-án. Wọ́n ti kọ nọ́ńbà sínú díẹ̀ nínú àwọn yàrá náà. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o fi oókan dé ẹẹ́sàn-án kún ìyókù, kí nọ́ńbà kan má ṣe wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà kan tàbí nínú àpótí kan. Èyí tó rọrùn máa ń tètè tán. Tó bá di èyí tó le, tí mo rí i pé nọ́ńbà méjì ló lè bọ́ síbì kan, màá kàn mú ọ̀kan, màá máa lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó rí i pé mo ti kọ ẹẹ́sàn-án méjì sínú ìlà òòró kan náà. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́ títí ìwé fi ya.

"Bóyá-bóyá lẹ fi ń ṣe é," ni Màmá wí láti ẹ̀yìn mi.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń wò mí. Wọ́n fa àga wọn súnmọ́ tèmi, wọ́n fi jígí sójú, wọ́n ní kí n ṣàlàyé òfin rẹ̀ fún àwọn.

Ìyàwó mi bá wa ra ìwé sùdókù tó jẹ́ kìkì èyí tó le. Tí a bá ti jẹun àárọ̀ tán, ó di ìdí rẹ̀. Màmá kò gbà kí a kọ nọ́ńbà kankan tí a kò lè sọ ìdí rẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù kọ gbogbo nọ́ńbà tó ṣeé ṣe sí igun yàrá kọ̀ọ̀kan, ní kékeré, lẹ́yìn náà a ó máa yọ èyí tí kò lè sí níbẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ kan, Màmá fi ìka tọ́ka sí yàrá méjì fún mi nínú ìlà ìbú kan. Ẹẹ́ta àti ẹẹ́jọ nìkan ló lè wọ méjèèjì. Mo ní kò wúlò fún wa, nígbà tí a kò mọ èyí tó ni ẹẹ́ta àti èyí tó ni ẹẹ́jọ. Màmá mirí. Wọ́n ní bó ti wù kó jẹ́, àwọn méjèèjì ló máa pín in láàárín ara wọn, nítorí náà kò sí yàrá mìíràn nínú ìlà náà tó lè ní ẹẹ́ta tàbí ẹẹ́jọ mọ́. A pa wọ́n rẹ́ nínú àwọn yòókù. Yàrá kan tó ti ní ẹẹ́ta, aárùn-ún àti ẹẹ́jọ tẹ́lẹ̀ wá ku aárùn-ún nìkan. Inú mi dùn débi pé mo na ẹsẹ̀ mi tààrà níwájú wọn láìmọ̀. Wọn ò tiẹ̀ wò ó.

Ọ̀kan wà tó dá wa dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Òjò ń rọ̀, a ò lè ṣí fèrèsé, òórùn epo àná sì ń yí ká inú ilé. Mò ń gbọ́ bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ bó ṣe ń dúró, bó ṣe ń lọ. Mo bẹ Màmá pé kí a mú ọ̀kan kí a dán an wò, wọ́n kọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i. Nínú ìlà ìbú kan lókè, ẹẹ́fà kò ríbi gbé àfi yàrá méjì. Nínú ìlà ìbú mìíràn nísàlẹ̀, bákan náà ni, yàrá méjì ti ìsàlẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ ti òkè gẹ́lẹ́, nínú ìlà òòró méjì kan náà. Bí ẹẹ́fà ti òkè bá wà lósì, ti ìsàlẹ̀ á wà lọ́tùn-ún. Bí ti òkè bá wà lọ́tùn-ún, ti ìsàlẹ̀ á wà lósì. Èyí ó wù kó jẹ́, ìlà òòró méjèèjì ti ní ẹẹ́fà tiwọn, a sì lè pa ẹẹ́fà rẹ́ níbi gbogbo yòókù nínú wọn. A pa á rẹ́. Yàrá kan ku eéje, òmíràn ku ẹẹ́rin, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mò ń kọ, mò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbójú sókè, omijé ń dà lójú Màmá.

"Mo fẹ́ lọ sílé," ni wọ́n wí. "Bá mi sọ fún ìyàwó rẹ. Tìrẹ ló máa gbọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà há mi sáàárín àwọn méjèèjì. Bí mo bá sọ ọ́, ìyàwó mi á rò pé ìyá òun ló sú mi. Bí mi ò bá sọ ọ́, màá máa wo Màmá lójú láràárọ̀. Ìbẹ̀rù mú mi dákẹ́ títí di ọjọ́ Sunday kan tí ìyàwó mi kò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí Màmá wọ yàrá wọn láti kírun, mo sọ ọ́ fún un.

Kò pariwo. Ó kàn gbé abọ́ tó ń fọ̀ kalẹ̀. "Ṣé Mọ́mì ló ní kí ẹ sọ fún mi, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí wọ́n kúrò?"

Kí n tó dáhùn, Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ló rán mi. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn létí ikú bàbá rẹ̀, ó ń kà á bí ẹni tó ti ń kà á sínú láti ọjọ́ yìí wá. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Bóyá tí mo bá tiẹ̀ wà nílé lọ́jọ́ yẹn, bàbá rẹ ìbá ṣì kú," ni wọ́n wí. "Ẹ tọ́jú mi, ẹ ò fìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n jíjókòó nìkan ni mò ń ṣe níbí. Mo ṣì fẹ́ rìn."

Ó gba ọ̀pọ̀ ìpè orí fóònù kí ìyàwó mi tó gbà. Àbúrò Màmá obìnrin, tí òun náà ti di opó, ló ní òun á kó wá bá wọn gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, lífìtì ò tíì ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi gbé ẹrù ṣáájú, Màmá ń di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá mi títí orúnkún mi fi kọ̀. Wọ́n ní kí n padà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń gbọ́ ohùn wọn tó ń lọ sísàlẹ̀, títí ìlẹ̀kùn ìta fi dún.

Lẹ́yìn náà, èmi nìkan ló kù sínú pálọ̀. Mo na ẹsẹ̀ mi bó ṣe wù mí, kò dùn mọ́ mi. Nígbà tí wọ́n tún lífìtì ṣe tán, mo ti ń múra àtipadà sẹ́nu iṣẹ́.

Fún ìgbà pípẹ́, ìyàwó mi kì í lè jẹun àárọ̀ láìkọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, fóònù dún títí, ẹnì kankan ò gbé e. Ó tún pè. Mo jókòó tì í. Nígbà tí Màmá pè padà, ó hàn lóhùn wọn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde dé; wọ́n ní àwọn rin dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n gbàgbé fóònù sórí ibùsùn.

Ìyàwó mi gbé fóònù sílẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì jáde ni," ló wí fún mi. "Wọ́n kàn jáde ni."