Bàtà Sójà Tí Mo Lẹ̀

Ọjọ́ tí paramọ́lẹ̀ kọlu bàbá mi lóko wa ní Èsìẹ́ kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Bàbá mi ra bàtà sójà àlòkù ní ọjà Òrò, ó ti lu lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n fi táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì. Ọ̀lẹ kò jẹ́. Ẹyọ kan ni mo rán mọ́ ọn, mo sì parọ́ pé méjì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti ń wa iṣu, paramọ́lẹ̀ ṣán ibi tí mo lẹ̀ gan-an. Mo wólẹ̀, mo ké: "Bàbá, ẹ dárí jì mí, ẹyọ kan ni mo rán!"

Wọ́n fi ọkọ́ pa ejò náà, wọ́n bọ́ bàtà. Eyín kò kan ẹsẹ̀ wọn.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo rán ìkejì sí i kí ilẹ̀ tó mọ́."

Wọn ò nà mí. Ẹgba ì bá sàn ju ojú tí wọ́n fi wò mí lọ.