Ilẹ̀kùn Tí Mọ́tọ́lá Tì Mọ́ Ìyá Àgbà

Bí ẹ bá dé Sekona, lẹ́yìn Ẹdẹ, tí ẹ bèèrè Mọ́tọ́lá ọlọ́mọ adìẹ, ọlọ́kadà èyíkéyìí á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ojo sì pọ̀ lára rẹ̀ láti kékeré. Síbẹ̀ iṣẹ́ tó yàn láàyò, iṣẹ́ ọlọ́kàn líle ni: ó ń bá àwọn obìnrin abúlé sàba ẹyin nínú fìríìjì àlòkù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gílóòbù mẹ́rin ló wà nínú fìríìjì yẹn, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló sì ń darí wọn. Bí inú fìríìjì bá gbóná jù, á pa wọ́n; bó bá tutù, á tàn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá dákú, gílóòbù kò mọ ìgbà tó yẹ kóun kú. Bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá nìyẹn tí ẹyin Zulfah, obìnrin kan láti Ara, fi jinná pátápátá. Zulfah kò bú u. Ó bó ẹyin kan níṣojú rẹ̀, ó wò ó, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bá Mọ́tọ́lá gbé.

Zulfah tún padà wá lọ́dún yìí, tòun tàwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n kó ẹyin ọ̀tàlérúgba wá. Ó ní ẹ̀ẹ̀kejì rèé, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tọ́lá mọ̀ pé kò ní sí ẹ̀ẹ̀kẹta.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí òròmọdìẹ yọjú, ó wọ yàrá lọ́sàn-án, ó rí i pé iná kékeré ara kọ̀ǹpútà kò ṣẹ́jú mọ́. Mẹ́mọ́rì káàdì inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Inú káàdì yẹn ni ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà ń gbé, èyí tí àwọn ọmọ Poli ń pè ní OS. Àfi kó gbé ètò náà sórí káàdì tuntun, káàdì tuntun kan ṣoṣo ló sì ní. Láptọ́ọ̀pù tí yóò fi ṣe é ti gbó, bátìrì rẹ̀ ti kú, bí wọ́n bá yọ ọ́ lára iná, ó parí. Ó pa gílóòbù, ó ki káàdì tuntun bọ inú láptọ́ọ̀pù, ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sójú láptọ́ọ̀pù pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ iná títí yóò fi parí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ogún. Ni òjò bá ṣú.

Agbo ilé oníṣàngó ni tiwọn. Bí òjò bá ti ń ṣú, Ṣàngóyẹmí, ìyá àgbà tó tọ́ Mọ́tọ́lá dàgbà, á yí dígí kọjú sí ògiri, á sì fa gbogbo wáyà yọ, nítorí nílé wọn, wọn kì í bá Olúkòso fi iná yangàn. Bí àrá bá wá lu ilé, ohun gbogbo tó wà lábẹ́ òrùlé náà ti di ti Kábíyèsí, ẹnikẹ́ni kì í bá a du ú. Láti ìgbà tí Mọ́tọ́lá ti gbé sólà sórí òrùlé, ọkàn ìyá kì í balẹ̀ mọ́ nígbà òjò.

Mọ́tọ́lá gbúròó ẹsẹ̀ ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀ ló wá ṣe: ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀.

Ìyá ń gbá ilẹ̀kùn, ó ní kó yọ iná. Ó bẹ ìyá pé ó ku díẹ̀. Àádọ́ta. Ọgọ́ta. Àrá sán, páànù gbọ̀n. Bí àrá bá lu ilé, ẹyin ti lọ. Bí òun bá yọ iná, ẹyin ti lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá, ojú Zulfah nìkan ló sì ń rí.

Ọgọ́rin. Ìyá kò gbá ilẹ̀kùn mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà á lẹ́rù ju àrá lọ, ló bá fi etí lé ilẹ̀kùn. Ìyá kò kúrò níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mọ́tọ́lá kò tíì rí ẹ̀rù lára obìnrin yìí rí.

"Ẹ máa lọ sí yàrá yín, Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n wá fi ọ́ sílẹ̀ fún Olúkòso?" ni ìyá wí. "Bó bá ń bọ̀ wá mú ọ, á bá mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ó ti dé ìdá mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mọ́tọ́lá fa wáyà yọ, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Àrá kankan kò lu ilé. Ó kù rìrì kọjá lọ sí apá Ara. Ṣùgbọ́n ètò orí káàdì ti dàrú, òjò kò sì dá títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá gbé omi kaná, ó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó fi aṣọ wé e, ó tì í sáàárín ẹyin. Ó ń mú ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan lé ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń fi mọ èyí tó ń tutù, bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe bí àgbébọ̀ bá kọ ẹyin sílẹ̀. Kò jẹ́ kí ọ̀kan bọ́.

Nígbà tí òjò dá, Mọ́tọ́lá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò wọlé, iná kékeré ṣẹ́jú, gílóòbù tàn. Kò lè yọ̀. Kọ̀ǹpútà lè sọ bí ẹyin ṣe gbóná tó, kò lè sọ bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi lè wojú ìyá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyá pè é, ó gbé ẹyin kan lé e létí. Nǹkan ń lu inú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń sinmi, ó tún ń lù.

"Wọ́n ń kanlẹ̀kùn," ni ìyá wí. "Èyí kò ní kọ́kọ́rọ́."

Mọ́tọ́lá kúnlẹ̀ níbi tó wà, ẹyin lọ́wọ́, ó ń bẹ ìyá pé kó dárí ji òun, ó ń sunkún.