Ọkàn Tí Wọ́n Ní Ó Ti San

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà kan gbé ẹ̀rọ wá sí Lálúpọn láti ìgboro Ìbàdàn. Ẹ̀rọ náà ń ya àwòrán ọkàn láìla àyà ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọdọọdún làwọn á máa padà wá fún ogún ọdún, kí àwọn lè mọ bí ọkàn ará oko ṣe ń dàgbà. Orí wa wú. Ìjọba tí kò wo ọ̀nà wa rí, àwọn kan wá fẹ́ wo ọkàn wa fún ogún ọdún! Ìyá mi tẹ̀ka, wọ́n ya àwòrán ọkàn wọn, wọ́n sì fún wọn ní káàdì tó ní nọ́ńbà.

Lọ́dún kejì, ọjọ́ tí ìyá mi fẹ́ yan gàrí làwọn dókítà padà dé. Gàrí kì í dúró de dókítà. Nílé wa sì rèé, bí ẹ̀gbọ́n ò bá ráyè lọ sípàdé, àbúrò ní í lọ jókòó sípò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ní ẹ̀gbọ́n ò wá. Ìyá mi na káàdì sí àbúrò wọn obìnrin.

“Gbà, bá mi lọ dá wọn lóhùn, kí wọ́n má pè mí ní aláìmoore.”

Àǹtí mi wojú mi, torí èmi ni tíṣà ilé. “Ṣé kò séwu, Tíṣà?”

“Kò séwu, Àǹtí. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wojú.”

Ọgbọ́n mi pọ̀ nígbà yẹn.

Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà dé pé ọkàn ìyá mi ti wú. Kò sọ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Orúkọ ìyá mi ló wà níbẹ̀, ó parí. Ìjọ Aládùúrà wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àǹtí mi ló ń gbé omi àdúrà fún ìyá mi, Àǹtí fúnra wọn sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. A ní ààwẹ̀ ni.

Mo mú ìyá mi lọ sí ìgboro, wọ́n tún ya àwòrán ọkàn wọn. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹnu ya àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì pé ọkàn tó wú ti san, pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé yóò wúlò gan-an fún ìwádìí. Gbogbo ìwé tí wọ́n kà, kò sọ fún wọn pé kí wọ́n bi màmá bóyá màmá fúnra wọn ló wá lọ́dún kejì. Èmi mọ̀. Orí ìjókòó níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkàn àǹtí mi ló wú. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé tíṣà ló ní kò séwu bí ẹlòmíràn bá lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi jẹ́rìí ìwòsàn. Gbogbo ìjọ jó, àǹtí mi ló jó jù. Ta ló fẹ́ ba ẹ̀rí Olúwa jẹ́? Mo ní kí ayọ̀ rọlẹ̀ ná, n óò wá sọ. Lọ́jọ́rú, àǹtí mi ṣubú sídìí iná gàrí, wọn ò dìde mọ́.

Àwọn dókítà tún dé lọ́dún kẹta. Ọ̀kan na àwòrán méjì sí ìyá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ wò ó, èyí tó wú rèé, èyí tó ti san rèé.”

“Ìgbà wo lẹ ya èyí tó wú?”

“Èṣí ni, Màmá, nígbà tí a wá síbí.”

“Gàrí ni mo yan lọ́jọ́ yẹn,” ni ìyá mi wí.

Wọn ò wo dókítà nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.