Èéfín Tí Awakọ̀ Òfuurufú Rí

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń tọ́jú rédíò ní pápá òfuurufú kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú Kétu. Ilẹ̀ pupa gbọọrọ ni pápá náà, pẹ̀lú ahéré onípáànù kan. Tí mo bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́ wálé fún ìsinmi, mo máa ń jókòó tì í, kí n máa gbọ́ Faransé àwọn awakọ̀ láàárín ariwo tó ń ta bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀: ibi tí wọ́n dé, bí ojú ọjọ́ ṣe rí.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikùn ìyá wa wú. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ ní Kútọnu, pé kò ní lè fara da ọ̀nà ilẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ìjọba ni yóò yà gbé e ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Iná kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dá sí ìpẹ̀kun pápá, tí yóò fi ewé tútù bò, kí awakọ̀ lè fi èéfín mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí nǹkan bá ṣe ẹnì kan, agbolé kankan kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ní òwúrọ̀ náà, nígbà tí àwa mẹ́ta wà nínú ahéré, ìyá wa lórí ẹní, olúkúlùkù ti ru koríko àti ewé tirẹ̀ wá kó sórí iná náà.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ń pariwo níta: “Ẹ kó o sí i! Ṣé ẹ fẹ́ kí awakọ̀ rò pé ìyàwó wa ò lẹ́nìkan ni?”

Bàbá kan yọjú sí ìyá mi. “Ìyàwó, ìwọ tó ń sá fún alùpùpù, òfuurufú lo máa gùn lónìí!”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú.

A gbọ́ ìró ọkọ̀ náà lókè orí wa. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ sọ̀rọ̀ nínú rédíò, ohùn rẹ̀ tutù: èéfín nìkan ni òun ń rí, òun kò rí ilẹ̀, epo òun kò gbà kí òun dúró, òun ń padà sí Kútọnu.

“Kí ló wí?” ni ìyá mi bi mí.

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe wí i.

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde, ó fẹ́ jáde lọ bá wọn. Ìyá mi di ṣòkòtò rẹ̀ mú. “Jókòó. Má sọ fún wọn. Ọyẹ́ ni kí ẹ pè é.”

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò wọlé, tí wọ́n ń béèrè ìdí tí ọkọ̀ náà kò fi balẹ̀, ọyẹ́ la pè é. Wọ́n bú ọyẹ́ títí. Àwọn náà ló gbé ìyá wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí ó gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Kútọnu. Kò dé Pọ̀bẹ́.

Ìyá àgbà yẹn ṣì wà láyé. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò wò mí, yóò ní, “Ọyẹ́ tó pa ìyá rẹ ti dé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá,” ni mo máa ń dá a lóhùn.