Ẹ̀yìn Tí Mo Fi Ra Ọyàn

Ní Odigbo níbí, kò sí obìnrin tó ń yan gàrí tó máa wọ bùláòsì sídìí agbada. Ooru iná kò gbà. Ìró kan ṣoṣo ni a máa ń so sókè ọyàn, a ó ki etí rẹ̀ bọnú dáadáa, a ó sì máa fi àkúfọ́ igbá yí gàrí títí òógùn yóò fi bò wá. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ń tún ìró náà so tí ọwọ́ mi kan kókó kan lábẹ́ ọyàn òsì. Mo rò pé gàrí tó dì ló bọ́ síbẹ̀. Mo gbọn aṣọ, kókó náà kò kúrò.

Mi ò ní í fa ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò gùn. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n kọ́kọ́ ń fa oògùn sí iṣan mi fún oṣù bíi mélòó kan. Irun mi re, èékánná mi dúdú, mi ò sì lè gbóòórùn gàrí tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Kókó náà súnkì, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọyàn náà gbọ́dọ̀ lọ. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ àti oko kòkó ọkọ mi ló bá wa gbé e, mi ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà jẹ́ obìnrin, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àkọ́bí mi lọ. Èmi àti ọkọ mi wọ mọ́tò ní Ore lọ bá a ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú mìíràn. Ó ní mo lè gé ọyàn náà kí àyà mi wà ní pẹlẹbẹ, kí n máa ki nǹkan rírọ̀ bọ inú kọ́mú. Mo sì lè gé e báyìí kí n wá tún un ṣe nígbà tó bá yá. Bí mo bá sì fẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á mọ òmíràn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

“Kí ni ẹ ó fi mọ ọ́n?” mo bi í.

“Ẹran ara yín ni, Màmá. Ikùn la ti máa ń mú un fún àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò níkùn.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ̀yìn yín la máa ti mú un,” dókítà sọ. “Awọ àti ẹran tó wà lábẹ́ èjìká yín, a ó yí i gba abẹ́ apá wá síwájú.”

Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀yìn, ọkàn mi fò padà sí Ore, sọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Ó ti lóyún nígbà náà, oyún àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mi máa ní. Ẹ̀yìn yìí ni mo fi pọn òun àti àwọn yòókù, tí mo ń pọn wọ́n tí mo ń bó ẹ̀gẹ́, tí mo ń pọn wọ́n lọ sọ́jà. Kò sí ohun tí mo tún ń wá láyé yìí ju kí n pọn ọmọ rẹ̀ lọ. Mo bi dókítà bóyá màá tún lè pọn ọmọ.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Tó bá jiná tán, ẹ ó pọ̀n ọ́n, Màmá. Ó máa gba oṣù bíi mélòó kan. Èjìká yẹn lè má lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ibi tí a bá sì gé lè kú tìpìrì, kó má mọ nǹkan lára mọ́. Ọyàn tuntun náà kò ní í mọ nǹkan lára bíi ti àtijọ́, kò sì ní í lórí, àfi tí ẹ bá ní ká ṣe é tó bá yá. Tí ẹ bá sì tún nílò iná ẹ̀rọ tí a fi ń jó ìyókù jẹjẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó lè le, ó lè súnkì. Ẹ ṣe é o, ẹ ò ṣe é o, kò yí ìwòsàn jẹjẹrẹ yín padà. Ẹ lọ rò ó.”

A sọ̀kalẹ̀ ní Ore, mo bi ọkọ mi léèrè ohun tó rò.

“Èyí tó bá ti wù ọ́ náà ni,” ó sọ.

Inú bí mi. Ọkùnrin tó máa ń bá mi ṣe àríyànjiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ọjọ́ tí mo wá ń wá ẹni tí màá bá jiyàn gan-an ló ní èyí tó bá wù mí. Mo gun ọ̀kadà tèmi lọ sí Odigbo, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àpò. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ gidi títí di ọjọ́ tí a ń fọ́ kòkó nínú oko, tó dá àdá rẹ̀ dúró.

“Màmá, ẹ̀rù ló ń bà mí,” ó sọ. “Kí wọ́n gé ọ níwájú, kí wọ́n tún gé ọ lẹ́yìn. Tí wọ́n bá gbé ọ jáde láìní ọyàn kankan, tí o bá ṣáà ń bú mi, ó tó mi.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún sórí kòkó. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó wá tọrọ mi lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì bá mi pinnu. Ọmọ mi náà ní kí n má tìtorí ọmọ tí a kò tíì rí dá ara mi lóró, pé ìyá ọkọ òun wà níbẹ̀ tó lè máa pọ̀n ọ́n. Ìyá ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe èmi.

Ìró ló bá mi pinnu. Mo wọ yàrá lọ, mo fi gèlè di ọyàn òsì mọ́lẹ̀ títí ó fi pẹlẹbẹ, mo wá so ìró mọ́ àyà bí mo ṣe máa ń so ó. Ó yọ̀. Mo tún un so, ó tún yọ̀. Ọyàn mi kò tóbi rí, ọkọ mi sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀ dáadáa nígbà tí a wà léwe, ṣùgbọ́n òun ló ń bá mi gbé ìró dúró láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Mo wo ara mi nínú dígí, mo rí i pé mo fẹ́ ẹ. Kì í ṣe nítorí ọkọ mi. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, mo sì tún fẹ́ pọn ọmọ. Mo ránṣẹ́ sí dókítà pé kó gé e, kó sì mọ òmíràn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tí mo jí, rọ́bà wà lára mi níwájú àti lẹ́yìn, tí wọ́n ń fa omi ara mi sínú àwọn ìgò kékeré. Ọkọ mi ló ń bá mi gbé àwọn ìgò náà kiri, ó ń da omi inú wọn nù láìfajúro. Mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, mi ò lè dojú bolẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló kù fún mi. Wọ́n ní kí n má gbé ìkòkò, kí n má gun ọ̀kadà, kí n má gbé apá ga ju èjìká lọ. Nígbà tó yá, wọ́n wá ní kí n máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ kí apá má baà gan. Mo ń gun ògiri, mo ń ṣépè, ọkọ mi ń dúró tì mí, ó ń ṣe àmín sí èpè náà. Omi tún kóra jọ sí mi lẹ́yìn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á. Àyẹ̀wò tó jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sọ pé mi ò nílò iná ẹ̀rọ, a sì dúpẹ́.

Ara mi ti ń le díẹ̀ nígbà tí àbúrò ìyá ọkọ mi dé láti Ajue. Ìyá yìí ló fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi lẹ́yìn ìbímọ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́. Ó ti gbé omi kaná kí n tó kí i tán.

“Ìyàwó, ghá jókòó,” ó ní kí n wá jókòó, ní Ìkálẹ̀ rẹ̀ tó ki.

Dókítà ti sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí nǹkan gbígbóná kan ojú àpá ẹ̀yìn mi. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n iná agbada ni mo rò pé ó ń sọ. Omi tí ìyá ẹni fi ń tẹni kì í ṣe nǹkan gbígbóná lójú wa, ìtọ́jú ni. Mo jókòó, mo yí ẹ̀yìn sí i. Ó ki aṣọ ìnura bọ omi, ó fún un, ó fi tẹ etí àpá náà, ó bi mí pé ṣé ó gbóná. Mo ní kò gbóná. Ó bu omi tó gbóná jù ú lọ. Mo tún ní kò gbóná, mo ń gbádùn ọwọ́ rẹ̀ lórí ibi tó kù tó mọ nǹkan lára.

Ọkọ mi ló dé láti oko tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró,” ó sọ. Ara mi ti bó. Ìyá wo aṣọ ìnura, ó wo ẹ̀yìn mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé, ó ń sunkún pé òun ti ba ọmọ òun jẹ́. Mo ń sọ fún un pé èmi ni mo ní kò gbóná. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lọ, nítorí pé iná ń jó mi, ara mi kò sì sọ fún mi.

Ibẹ̀ pẹ́ kó tó jiná. Ọmọ mi bímọ kó tó jiná, ó bí obìnrin. Mo lọ sí Ore, mo jókòó sórí àga bí àlejò, ìyá ọkọ rẹ̀ ń wẹ ọmọ lójú mi. Obìnrin náà dáa, mo ń wá ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, mi ò rí. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ọkọ mi náà ń pọn ọmọ. Ó ń so ọ̀já wọ́gọwọ̀gọ, ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ọgbà, àwọn awakọ̀ tó ń kọjá ń kí bàbá olómọ. Mo jowú ọkọ mi débi pé mi ò jẹun ọ̀sán.

Ìgbà tí ọrùn ọmọ ti le dáadáa ni dókítà wò mí tó ní mo lè pọ̀n ọ́n. Mo so ìró mọ́ àyà, ó dúró. Mo tẹ̀ ba, ọmọ mi gbé e kà mí lẹ́yìn, ó bá mi fa ọ̀já yí. Mo mọ ìwúwo rẹ̀ ní ìdí, mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níbàdí. Ṣùgbọ́n lókè, níbi tó yẹ kí n ti mọ orí ọmọ, n kò mọ nǹkan kan. Ó dà bíi pé ọmọ náà kò lórí. Mo dúró gbagidi, mi ò lè mira, mo ń rò pé orí rẹ̀ ti fì sẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí pé ohun tí mo fi ẹ̀yìn mi rà, mi ò mọ̀ pé yóò wọ́n tó báyìí.

“Orí rẹ̀ dà?” mo bi ọkọ mi. “Mi ò mọ̀ ọ́n lára.”

Ó yí wá sẹ́yìn mi. Ó na ọrùn wo ojú ọmọ náà.

“Ó ti sùn, Màmá,” ó sọ. “Àpá yẹn gan-an ló fi ṣe ìrọ̀rí.”

Mo ní kó tún un sọ.