Èdè Tí A Fi Ṣọ́ Ilé Bọ́ọ̀lù Wa ní Sabon Gari

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sabon Gari, ní Kánò, ohun tó ń dun bàbá mi jù nínú ilé rẹ̀ ni ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Òun á bi wá ní nǹkan ní Yorùbá, àwa á dá a lóhùn ní Haúsá. A gbọ́ ohun tó sọ dáadáa, ahọ́n wa ni kò mọ ọ̀nà. Haúsá la fi ń ṣeré níta. Òun náà, Haúsá ló fi ń nájà láti àárọ̀ ní Kantin Kwari níbi tó ti ń ta aṣọ, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé, kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Á ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun bí.

Láwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sí orílẹ̀-èdè yìí ni mo di gólì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ọdún yẹn gan-an ni ìyá bàbá mi wá kí wa láti ilé. Lọ́jọ́ kan, ó mú mi jókòó, ó sọ ìtàn ìgbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé fún mi, ó wá bi mí bóyá ó dùn mọ́ mi. Haúsá ni mo fi dáhùn. Ìyá àgbà wò mí títí, ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, “Ọmọ yìí dára, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a sọ̀rọ̀.”

Nígbà tí ìyá àgbà padà sílé, bàbá mi sọ fún màmá mi pé bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti parí, òun máa mú mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni màá ti parí ìwé mi. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbi tí n kò mọ ẹnì kankan yàtọ̀ sí ìyá àgbà, tí n kò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù?

Ẹgbẹ́ wa náà kò tíì rí ojútùú ara rẹ̀. Wọ́n lù wá nínú àwọn ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n lù wá bí ẹní lu bàrà. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo àwa tí a ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá, ọmọ oníṣòwò, ọmọ télọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ ọmọ wòlíì Àládùúrà, ṣùgbọ́n Haúsá la fi ń pe ara wa lórí pápá. Bí mo bá pariwo pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún mi, ọ̀tá tí à ń bá gbá a, tí òun náà gbọ́ Haúsá, ti mọ̀ pé mo ń jáde bọ̀. Á kàn gbé bọ́ọ̀lù gba orí mi kọjá sínú ilé. Ìgbà tó sú tíṣà eré ìdárayá wa, ó bi wá bóyá a kò ní èdè nílé ni.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹ ò rí nǹkan! Yorùbá tí a fi ń kí àgbà nìkan ló wà lẹ́nu wa. Mo sáré jáde lọ́jọ́ kan, mo ké sí ẹgbẹ́ mi tí a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀.” Kí n tó sọ ọ́ tán, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Tíṣà wa rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Mo wá tọ bàbá mi lọ. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì, màá jókòó tì í, màá ní báwo ni èèyàn ṣe ń sọ pé kí ẹnì kan wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó tètè padà, kí ó má bẹ̀rù. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Nígbà tó yá, òun gan-an ló ń pè mí. Láti orí bọ́ọ̀lù, á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ oko bàbá rẹ̀, àti bí òun ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kánò. A bẹ̀rẹ̀ sí í borí. A borí títí a fi dé ìdíje àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà nílẹ̀, mo sì pinnu pé kí bàbá mi wá fetí ara rẹ̀ gbọ́ mi.

Ó tètè ti ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, ó dé fìlà rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò. Kò wo bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Mo pariwo Yorùbá débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì ń dúró wò mí. Ọ̀mì la wà nígbà tí eré ń parí lọ. Bọ́ọ̀lù gíga kan wá ń bọ̀, ọ̀tá ń sáré tẹ̀ lé e, ẹ̀rù bà mí, mo ya ẹnu.

“Ka bar min!”

Haúsá ló bọ́ lẹ́nu mi, ọ̀tá náà sì gbọ́ pé mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ó gbé e gba orí mi kọjá. Àwọn ló gba ife lọ.

Èmi àti bàbá mi jọ rìn lọ sílé. Títí a fi dé Niger Street, èmi ti ń di ẹrù Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́kàn. Níbẹ̀ ló ti dúró. Ó ní nígbà kan tí iná jó ní ọjà, èéfín ká òun mọ́ inú ìsọ̀, òun ń ké pe ènìyàn.

“Haúsá ni mo fi ké,” ó ní. “Èmi tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́.”

Ó ra màsà, àkàrà ìrẹsì àwọn Haúsá, fún mi. Ó ní kí n máa bá kọ́lẹ́ẹ̀jì mi ní Kánò lọ, ṣùgbọ́n kí n má torí pé bọ́ọ̀lù parí ṣíwọ́ wíwá jókòó ti òun lálẹ́. Mo ń wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wá.

Ìsọ̀ ni wọ́n kọ́ sórí pápá yẹn báyìí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń dún níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, èdè Òyìnbó lẹ fi ń kí mi lórí fóònù, inú mi sì ń dùn pé ẹ rántí mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi ń lọ, ní ilé ìwòsàn ní Kánò, Haúsá ló bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ. Ó wá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá dágbére fún mi, ọ̀rọ̀ tó pọ̀, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi náà ti ń darúgbó. Ẹ wá máa jókòó tì mí.