Kọ̀ǹpútà Tó Yadi ní Ìmùṣin

Ohun tí mo ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í tètè yé ènìyàn. Linux ni ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà mi. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, ṣùgbọ́n bó bá yarí, èmi ni wọ́n ń pè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sanwó fún mi lóṣooṣù. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ló dé tí nǹkan ọ̀fẹ́ fi ń gbowó lọ́wọ́ òun, mo máa ń ní òjò náà ọ̀fẹ́ ni, ṣebí ó ra garawa. Ẹnu mi mú díẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Mo lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí n máa mu gààrí, kí n sì gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni tó wà ní Òdogbolú, kí n tún un ṣe fún un.

Oníbàárà tí mo fẹ́ràn jù ni bàbá kan ní Ìmùṣin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ríran mọ́. Mo fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà wọn tó ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú ẹ̀rọ sókè fún wọn. Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ Bàbá létí. Kí èyí tó dé, ọ̀rẹ́ wọn kan tí ilé wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kanra, Àlájì tó ń ta aṣọ, ló máa ń ka ìwé ìròyìn sí wọn létí láràárọ̀ kó tó lọ sọ́jà.

Àlájì yìí ló kú. Nígbà tí fídáù rẹ̀ ku ọ̀la, Bàbá pè mí láàárọ̀. Wọn kì í sọ tẹnu wọn kí a tó kíra tán: ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iná ńkọ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò kí mi rárá.

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ti yadi."

Mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà mi.

"Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rẹ́ mi lọ́la wà nínú rẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo ti kọ ọ́ tán. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ títí yóò fi wọ̀ mí lórí. Tí mi ò bá gbọ́ ọ, kí ni mo fẹ́ dìde sọ?"

Mo wọ inú kọ̀ǹpútà náà láti ṣọ́ọ̀bù. Kò sóhun tó ṣe é. Ohùn wà lókè téńté. Mo ní kó kàwé, ó ń kà á.

"Bàbá, ó ń sọ̀rọ̀ o."

"Kò sọ̀rọ̀."

"Ó ń sọ̀rọ̀, mo ń rí i níbí!"

"Ṣé ojú lo fi ń gbọ́rọ̀ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú sì ń bí mi. Mo yọ àtúnṣe náà kúrò, mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án. Pàbó! Mo béèrè sípíkà tí ohùn ẹ̀rọ ń gbà jáde, wọ́n ní orí pẹpẹ ìwé ló wà, àwọn ò fọwọ́ kàn án rí.

Ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ ọkọ̀ Ìmùṣin. Mo bú àwọn tó ṣe ètò náà nílùú òyìnbó, mo bú dẹ́rẹ́bà tó ń wakọ̀ bí ẹni ń sùn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí Bàbá ò bá rí ọ̀rọ̀ sọ nípa ọ̀rẹ́ wọn, èmi ni mo dí wọn lẹ́nu.

Ilé wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wà lábẹ́ tábìlì, mò ń tú wáyà, nígbà tí ìyàwó wọn wọlé láti ilé olóògbé, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn ṣa ẹ̀wà sàráà.

"Kí lò ń wá níbẹ̀, ọmọ mi?"

"Ohùn ni, Mà. Kọ̀ǹpútà ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Màmá pòṣé. "Ṣé ó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ ni? Opó Àlájì wà lẹ́yìn ògiri yìí, ó ń ṣe tákàbà, kò gbọdọ̀ jáde, fídáù ọkọ rẹ̀ pàápàá kò ní lè dé. Ẹ̀rọ wá ń sọ wótowòto sí i létí! Ọjọ́ tí Àlájì kú ni mo ti pa rédíò, mo pa tẹlifíṣọ̀n. Èyí nìkan ni mo gbójú fò. Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárọ̀ yìí, mo yí i sílẹ̀."

Mo dìde, mo forí gbá tábìlì. Yéè! Lórí pẹpẹ, wọ́n ti fi aṣọ funfun bo sípíkà náà, wọ́n sì ti yí kókó rẹ̀ délẹ̀.

Bàbá ò bínú. "Ẹ̀tọ́ lo ṣe," ni wọ́n sọ fún ìyàwó wọn. Wọ́n ní kí n yí i sókè díẹ̀ péré, kí àwọn ṣáà gbọ́.

Màmá ká aṣọ náà kúrò, mo yí i. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn òyìnbó rẹ̀ yẹn: "Ohùn ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ń ríran. Bó bá ka ìròyìn burúkú tán, á ní, má dá wọn lóhùn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Á tún ní, ìyàwó mi ti po ẹ̀kọ, jẹ́ ká lọ mu ún."

Ètè Bàbá ń mì, wọ́n ń kọ́ ọ sórí. Màmá dúró, aṣọ funfun náà wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n nawọ́ sí sípíkà. Mo rò pé wọ́n tún fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri, wọ́n yí i sókè pátápátá.

"Jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́," ni wọ́n wí.